Òjìjí Tí Mo Ti Dá Lágara

Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn láti máa sọ fún àlejò pé nígbà tí ìyá àwọn wà ní ọ̀dọ́, ọwọ́ lásán ló fi ń gbé òjìjí jáde nínú omi. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, mo máa ń jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n lọ wá nǹkan gidi sọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní inú ti tún ń bí ìyá àwọn. Òótọ́ ni pé inú mi máa ń tètè bí. Bí wọ́n ṣe mọ̀ mí láti kékeré nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ìbínú. Ojú ló ń tì mí, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń tì mí lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ẹni tí kò gbé etí ọ̀sà rí, n óò kọ́kọ́ sọ ohun tí òjìjí jẹ́. Ẹja ni. Ó sanra, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, kò ní ìpẹ́ lára, ètè rẹ̀ sì nípọn bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bú. Bí o bá fọwọ́ kàn án nínú omi nígbà tí ara rẹ̀ le, yóò gbọ̀n ọ́ láti ìka dé èjìká, eyín rẹ á pàdé, wàá sì bá ara rẹ ní ìjókòó níbi tí o kò pète láti jókòó sí. Mo ti rí ọkùnrin bàǹbà kan tó ké pe ìyá rẹ̀ nítorí ẹja tí kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ.

Nítorí náà, àwa ará Ẹ̀pẹ́ kì í fọwọ́ kàn án àfi tí a bá ti dá a lágara. Ohun tí à ń pè é nìyẹn. A ó fi àwọ̀n bò ó níbi tí omi kò ti jìn, a ó wá máa fi igi gbígbẹ gún un lẹ́yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìdúró. Á gbọ̀n, á tún gbọ̀n, á bínú títí, agbára rẹ̀ á sì máa tán lọ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ti rí i pé ó kàn ń la ẹnu lásán, a ó fi ẹ̀yìn ìka kàn án wò. Lẹ́yìn ìyẹn, arúgbó tí kò ríran pàápàá lè gbé e. Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ wa, a kì í sì í sọ ọ́ lẹ́nu. Ta ló máa ń ròyìn pé òun bó èèpo iṣu kí òun tó sè é?

Èmi kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ gan-an. Èkó ni wọ́n bí mi sí. Mo tó ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí ogun lé àwọn òbí mi jáde nílé pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn, tí a wọ ọkọ̀, tí a sì wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ìyá mi kò lo ọdún kan níbẹ̀ tó fi jáde láyé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé Ìkòròdú, ló wá mú mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé títí mo fi lọ sílé ọkọ, Ẹ̀pẹ́ náà ni mo sì tún padà sí, nítorí apẹja kan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ló fẹ́ mi. Ìyá Àgbà ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí. N kò rántí ọjọ́ kan ṣoṣo tó jẹun kí n tó jẹ.

Ẹní ló ń hun. Ọkàn rẹ̀ kò sì dára. Yóò máa hun ẹní lọ, yóò kàn dáwọ́ dúró lójijì, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ọmú òsì, yóò tẹ́tí.

"Ó tún ti jáde," ni yóò wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó já okùn. "Ẹ jẹ́ ká dúró dè é."

A ó dúró. Ọkàn náà á dá lílù dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè gbé itọ́ mì lẹ́ẹ̀mejì, á wá sáré kìtìkìtì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Òòyì á kọ́ Ìyá Àgbà, ètè rẹ̀ á ṣú. Bí ó bá padà bọ̀ sípò, á ní, "Ó ti wọlé," á sì máa bá ẹní rẹ̀ lọ níbi tó hun dé. Ó máa ń fi ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni ọkàn náà ń pẹ́ sí i kí ó tó wọlé. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní wọlé mọ́.

Ní bí ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí ogun lé wa kúrò ní Èkó, nígbà tí mo ti wà nílé ọkọ, bàbá kan tó ti Sàró dé wá gba yàrá sí agbo ilé tó kángun sí ti Ìyá Àgbà ní Ìkòròdú. Wọ́n ní wọ́n kó o lẹ́rú nígbà èwe, wọ́n gbà á sílẹ̀ lójú òkun, ó sì ti bá dókítà òyìnbó kan ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó máa ń wọ kóòtù nínú oòrùn gangan. Ó ní aago tó ń kì sápò, ó ní jígí tó ń fi sójú. Ó ní igi kan tí wọ́n dá ihò sí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Yóò gbé orí kan rẹ̀ lé àyà ènìyàn, yóò sì fi etí ti orí kejì. Ó tún ní àpótí kan tó ní ọwọ́ tí wọ́n ń yí. Bí ó bá ń yí i, tí o sì di okùn bàbà méjì tó jáde lára rẹ̀ mú, á gbọ̀n ọ́. Gbogbo wa la rò pé orí bàbá náà kò pé.

Ọkàn ènìyàn ló ń wádìí. Ó ní agbára kékeré kan wà tó ń ti ọkàn kí ó lù, agbára náà sì jọ mànàmáná. Bí ó bá ṣìnà, ó ṣeé ṣe kí mànàmáná míì láti òde bá a wí kí ó padà sójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi hàn wá, ó yọ ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ kan sínú àwo tútù. Ọkàn náà lù díẹ̀, ó dákẹ́. Ó fi okùn bàbà méjèèjì kàn án, ó yí ọwọ́ àpótí, ọkàn bíńtín yẹn sì fò sókè, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ bojú, ó sì ń yọjú láàárín ìka.

"Tó bá lè ṣe é fún ọ̀pọ̀lọ́," ó ní, "kí ni mo ṣe tí kò lè ṣe é fún èmi?"

Bàbá Sàró dáhùn pé òun kò tíì mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe fún ènìyàn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti mú kí irin inú àpótí náà dógùn-ún, agbára rẹ̀ sì ń dín kù lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti fi mí yangàn. Ó ní òun ní ọmọ kan tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́, àti pé ẹja kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe gẹ́lẹ́ bí àpótí yẹn, tí kò sì ní ọwọ́ tí ẹnikẹ́ni ń yí.

Bí mo ṣe gbé òjìjí àkọ́kọ́ dé Ìkòròdú nìyẹn. Ọjọ́ méjì ni ọkọ̀ wa ń lò lójú omi, a ó sì yà ní Àgbówà. N kò lè gbé ẹja tí ara rẹ̀ le sínú ìkòkò láàárín èrò inú ọkọ̀. Bí omi rẹ̀ bá dà sí wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n á jù mí sọ́sà tẹja tẹja. Mo dá a lágara kí n tó kúrò ní Ẹ̀pẹ́, mo tún dá a lágara ní èbúté Ìkòròdú kí n tó gbé e rù. Nígbà tí mo dé àgbàlá Bàbá Sàró, àwọn ará ilé ti pé jọ láti wòran. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ìkòkò. Èmi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo sì gbé ẹja náà sókè.

Ariwo ta. Bàbá Sàró yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.

"Ìyàwó Ẹ̀pẹ́, kò gbọ̀n ọ́?"

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ pé, "Bàbá, mo ti dá a lágara ni." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára mi, Ìyá Àgbà ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fi joyè, èmi sì ni ẹni tí wọn kì í yìn fún ohunkóhun nílé ọkọ nítorí ẹnu mi tó mú.

"Ó mọ̀ mí ni," mo ní.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo àdúgbò ti ń pè mí ní ẹni tí òjìjí mọ̀. Orúkọ náà dùn mọ́ mi púpọ̀ ní Ìkòròdú, n kò sì jẹ́ kó dé Ẹ̀pẹ́, nítorí àwọn obìnrin ibẹ̀ á fi mí ṣẹ̀sín títí n óò fi kú.

Bàbá Sàró ní ọ̀nà tó ń gbà wọn agbára ẹja. Yóò ní kí ènìyàn méjì di ara wọn lọ́wọ́ mú, kí wọ́n ti ọwọ́ kejì bọ inú ìkòkò ní ìhà orí àti ìhà ìrù ẹja, òun á sì fi igi tọ́ ọ. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n lára, á fi ẹnì kan kún wọn láàárín, á tún fi ẹnì kan kún un, títí wọn kò fi ní mọ̀ ọ́n lára mọ́. Àpótí rẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun ń gbọ̀n ènìyàn mẹ́wàá. Ẹja tèmi kò kọjá ẹni kẹta. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ní kí n mú èyí tó tóbi jù ú lọ wá. Mo mú un wá, ṣùgbọ́n nítorí pé ó tóbi ni mo ṣe dá a lágara pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò kọjá ẹni kejì. Bàbá náà fi ọwọ́ họ orí. Ó sọ fún Ìyá Àgbà pé ohun abàmì ni ẹja Ẹ̀pẹ́, pé bí ó ṣe ń tóbi ni agbára rẹ̀ ń kéré. Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo ń jẹ àkàrà lọ.

Kí n má parọ́ mọ́ ara mi: ní ìbẹ̀rẹ̀, n kò mọ̀ pé ohun tí mo ń ṣe ṣe pàtàkì. Mo rò pé eré ọwọ́ dídìmú yẹn kàn jẹ́ ìwà àwọn ará Sàró ni. Òun ló mú kí n mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi ní ìwé, nítorí ó fẹ́ kí n máa kọ ohun gbogbo tí a bá ṣe sí ẹja láti ìgbà tí ó bá ti jáde nínú omi. Ẹnu àbáwọlé rẹ̀ ni mo ti kọ́ ábídí, pẹ̀lú ẹfun lórí pákó. Ó ní sùúrù fún mi ju bí mo ṣe ní fún ẹnikẹ́ni rí láyé mi. Nígbà tí mo lè kọ gbólóhùn, mo kọ pé, "Mo mú un nínú omi. Mo gbé e sínú ìkòkò. Mo gbé e wá." Ó ṣàlàyé fún mi pé bí ohun kékeré kan bá sọnù nínú ìròyìn náà, òun lè ṣe ènìyàn léṣe láìmọ̀. Mo gbọ́ ọ yé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àìsọ mi ti di irọ́.

Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹja náà fún Ìyá Àgbà nígbà yẹn. Yóò kọ́kọ́ fi igi oníhò rẹ̀ tẹ́tí sí àyà Ìyá Àgbà, yóò sì máa fa ìlà kékeré kan sínú ìwé fún ìlù ọkàn kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ọkàn bá ti dúró, á fi àyè sílẹ̀. Ojú ìwé náà máa ń rí wúruwùru: ìlà méjì, àyè, ìlà mẹ́rin tó fún pọ̀, àyè gbàgàdà. Lẹ́yìn náà ni yóò fi abala bàbà méjì tó fi aṣọ tútù wé sí àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀, okùn bàbà láti ara wọn á sì wọ inú ìkòkò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe é. Ìyá Àgbà ní bí ìgbà tí èèrà ń rìn lára òun ló rí. Ọkàn rẹ̀ kò yí padà. Ìlà inú ìwé ṣì rí wúruwùru.

Ní ìgbà kẹrin, Bàbá Sàró ti ra ìkòkò ńlá kan, ó sì ní kí n fi òjìjí kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun, kí ó máa wà ní sẹpẹ́. Mo fi í sílẹ̀, mo lọ sí Ẹ̀pẹ́, mo sì lo ọjọ́ méjìlá níbẹ̀ kí n tó padà. Ó tọ́jú ẹja náà. Ó ń fún un ní ekòló, ó ń pààrọ̀ omi rẹ̀ láràárọ̀. Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn ènìyàn ti jókòó, Ìyá Àgbà ti wà lórí ẹní rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lára.

"Ìyàwó Ẹ̀pẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ nìyí," ni Bàbá Sàró wí. "Gbé e sókè fún wa, kí ojú wa rí i."

Mo wo inú ìkòkò. Ẹja náà ń rìn yí po jẹ́jẹ́, ara rẹ̀ ń dán, ó ti sinmi, ó ti yó. Ẹni tó bá ti bá òjìjí gbé á mọ̀ ọ́n lójú kan. Bí mo bá ti ọwọ́ bọ ibẹ̀, yóò gbé mi ṣubú lójú gbogbo wọn.

Mo ká ọwọ́ mi sínú ìró. Mo ní ọ̀bẹ ti gé mi níbi tí mo ti ń pa ẹja, pé mi ò fẹ́ kí omi kàn án. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan lọ́wọ́ mi. Bàbá Sàró bá mi dárò ọwọ́ náà. Ó ní kò burú, pé a kúkú ti wọn ẹja wọ̀nyí títí, a sì ti mọ̀ pé wọn kò le.

Ìyá Àgbà wá wojú mi. "Ọmọ mi, ṣé bíi ti tẹ́lẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Àgbà. Ẹ má bẹ̀rù. Bíi ti tẹ́lẹ̀ ni."

Mo ti wá àwáwí fún ara mi ní ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ti sọ pé mo rò pé yóò kàn le díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òtítọ́ ni pé n kò ro tirẹ̀ rárá ní ìṣẹ́jú náà. Ọwọ́ mi ni mò ń rò, àti ẹ̀rín tí wọn yóò fi mí rín. Obìnrin tó tọ́ mi dàgbà dùbúlẹ̀ níwájú mi, èmi sì ń ro ẹ̀rín.

Bàbá Sàró fi igi tọ́ ẹja náà. Ìyá Àgbà ta kìjí lórí ẹní, gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbá ilẹ̀, ó sì rọ̀ jọwọrọ. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò wo ibì kan. Bàbá Sàró fọ́n okùn bàbà nù, ó fi igi oníhò rẹ̀ sí i láyà, ó sì dẹ etí sí i. Ó mi orí pé kò sí ìlù. Àwọn obìnrin ti gbé ọwọ́ lérí. N kò lè sọ bí ó ti pẹ́ tó. Mo kàn rí i pé ìka ìfábẹ̀lá bàbá náà, èyí tó wà lórí ẹní, gbéra sókè, ó sì kan ilẹ̀. Ó tún gbéra, ó tún kan ilẹ̀. Kò sáré, kò sì dúró. Gbogbo wa ń wo ìka náà.

Mo gbé ìwé rẹ̀ fún un. Ó fa ìlà títí dé ìsàlẹ̀ ojú ewé. Wọ́n dọ́gba bí eyín òòyà.

Ìyá Àgbà jókòó kí oòrùn tó wọ̀, ó ní ebi ń pa òun. Ní ọjọ́ kejì ó hun ẹní, kò dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan. "Ó ti jókòó sílé," ni ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kí i. Ó ń rìn lọ sọ́jà, ó ń rìn bọ̀, ó ń bá àwọn ọlọ́jà jà bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó lé díẹ̀ ní oṣù kan tó fi wà bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tí mo ṣe.

Bàbá Sàró kò gbàgbé ní tirẹ̀. Ó ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ inú àyà yẹn, àwa kò gbọ́ ọ. Ó ní òun ti pa obìnrin kan, Ọlọ́run ló dá a padà, òun kò sì ní tún un ṣe títí òun yóò fi mọ ìdí rẹ̀. Ó ní kí n máa mú òjìjí wá, kí òun lè wọ̀n wọ́n. Mo mú márùn-ún wá láàárín ìgbà náà. Mo dá gbogbo wọn lágara, ní àkókò yìí pẹ̀lú ọgbọ́n orí mi, nítorí bí ọ̀kan nínú wọn bá le, yóò bèèrè ohun tó yí padà. Kò sí èyí tó kọjá ẹni kẹta.

Nígbà tó yá, ọkàn Ìyá Àgbà tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́jọ́ náà, wọ́n ti sọ fún un, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá Bàbá Sàró.

"Ẹ tún un ṣe fún mi. Bó bá pa mí, mo ti jẹ ìgbádùn oṣù kan."

"Ìyá, bí mo bá mọ̀ pé èyí tó le yóò jáde, n óò ṣe é," ni ó dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹja yìí kò ní òfin. N kò mọ̀ bóyá èèrà ni yóò jáde tàbí àrá. N kò lè fi ẹ̀mí yín ta tẹ́tẹ́."

Ó ní òfin. Èmi ni mo mọ òfin náà.

Ó wá bá mi ní Ẹ̀pẹ́. Bàbá tó ń bẹ̀rù ọ̀sà, tó ní òun ti rí omi tó láyé, wọ ọkọ̀ fún ọjọ́ méjì nítorí èyí. Àgbàlá tí a ti ń yan ẹja ló ti bá wa, èmi, ìyá ọkọ mi, àti àwọn obìnrin ilé. Wọ́n gbé àpótí fún un, ó jókòó, ó kẹ́yìn sí omi, ó sì ṣí ìwé rẹ̀ lórí orúnkún. Ó kí gbogbo wọn dáadáa. Ó sọ fún wọn pé akẹ́kọ̀ọ́ òun ni mí, pé òjìjí kì í ṣe mí ní nǹkan kan nítorí ó mọ̀ mí. Mo rí i tí ìyá ọkọ mi gbé ojú sókè. Mo rí ẹnu àwọn tó kù tí wọ́n ń há ẹ̀rín mọ́.

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé mi wá," ó ní. "Kí ẹ tó gbé ẹja yìí wá fún mi, ṣé ẹ máa ń ṣe nǹkan kan sí i? Bó ti wù kó kéré mọ. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, mo lè gba ìyá tó wà ní Ìkòròdú lọ́wọ́ ikú."

Oníbàárà mi ni bàbá náà, wọn kì í sì í dá sí ọ̀rọ̀ oníbàárà ẹlòmíràn nílé wa. Ẹni tó bá dá sí i, àfi kó san ìtanràn ìjà. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn bàbá náà, kò ju ìṣísẹ̀ ogún lọ, orogún mi wà nínú omi tó mù ún dé orúnkún. Ó ti fi àwọ̀n bo òjìjí kan, ó ń fi igi gbígbẹ gún un, ó ń kọrin sábẹ́lẹ̀. Bí Bàbá Sàró bá yí orí padà, yóò rí i. Mo gbàdúrà pé kó yí i. Ọlọ́run gbọ́ mi pé mo gbà á. Kò yí i, ojú mi ló ń wò.

Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á mọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ pé mo ń pa irọ́ kiri ní Ìkòròdú, òun náà á sì ka ọjọ́ padà sẹ́yìn, á mọ̀ pé mo rí ẹja náà, mo sì ní, "Bíi ti tẹ́lẹ̀ ni." Á mọ̀ pé kò sí ọ̀bẹ tó gé mi.

"Kò sí, bàbá," mo ní. "A kì í ṣe nǹkan kan sí i."

Ó kọ ọ́. Ó sì yí ìwé náà sọ́dọ̀ mi, inú rẹ̀ ń dùn sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó ní kí n kà á sókè kí ó lè dá òun lójú pé òun kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Mo kà á. Mo fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe kọ́ mi: "Wọn kì í ṣe nǹkan kan sí i." Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, wọn kò tíì rí obìnrin tó ń kàwé rí. Ìyá ọkọ mi nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó bu omi sí iná, ó sì wọlé lọ.

Bàbá Sàró kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Ìkòròdú kó tó pẹ́. Ó fi pákó tí mo fi ń kọ́ ábídí sílẹ̀ fún mi.

Ìyá Àgbà kò rí ààwẹ̀ ọdún náà. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án ìkẹyìn. Ẹní kan tí kò tíì hun tán wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sọ pé ọkàn òun jáde mọ́, nítorí kò sí ìgbà tó wọlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ ọ̀tún mi mú, ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, bí ẹni ń wo ohun tó fẹ́ rà.

"Ọwọ́ tí òjìjí mọ̀ nìyí," ó ní. "Ó ti gbé wọn títí, díẹ̀ nínú agbára wọn á ti kù sínú rẹ̀. Gbé e lé mi láyà, ọmọ mi. Bóyá èyí tó wà níbẹ̀ á tó."

Mo gbé e lé e. Ọkàn náà lù, ó dúró. Ìyá Àgbà ń wò mí, ó sì ń retí. Mo tẹ ọwọ́ mọ́ ọn bí ẹni pé òótọ́ ni. Kò sí nǹkan kan nínú ọwọ́ náà.